Èwo Ni Ká Wò? Ìfiwéra Àwọn Fíìmù Obìnrin Adúláwọ̀ Tó Dìde Fún Ara Rẹ̀

Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wò nínú irú fíìmù báyìí ni ohun tó wà lọ́wọ́ obìnrin náà nígbà tí fíìmù bá parí. Ṣé iṣẹ́ ni? Ṣé ìwé ni? Ṣé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin bíi tirẹ̀ ni? Àbí ọkọ mìíràn ni wọ́n wá fi rọ́pò èyí tó fìyà jẹ ẹ́? Ẹkún àárín fíìmù kò ṣòro. Òṣèré tó bá mọṣẹ́ yóò sunkún, gbogbo ilé á sì bá a sun ún. Ibi tí fíìmù bá parí sí ni ẹ ti máa mọ̀ bóyá ẹni tó ṣe é gbà lóòótọ́ pé obìnrin lè dá dúró.

Àwọn tó máa ń yan fíìmù fún ẹlòmíràn ni mo kọ èyí fún: ìyá tó fẹ́ bá àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ jókòó lẹ́yìn Ojúde Ọba nígbà tí àlejò bá ti túká, àwọn obìnrin inú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ (ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra) tó ń ṣèpàdé ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹgbẹ́ àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì ní Ṣàgámù tàbí Ìpẹru, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó jọ ń gbé yàrá kan ní Àgọ́-Ìwòyè. Àwa kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbọ́ pé kí obìnrin ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Àwọn obìnrin ló ń hun aṣọ olónà Ìjẹ̀bú, èyí tí àwọn àgbà Òṣùgbó ń fi kọ́ èjìká. Màmá HID Awólọ́wọ̀ ti Ìkẹ́nnẹ́, tó kù díẹ̀ kó pé ọgọ́rùn-ún ọdún kó tó di olóògbé ní 2015, oníṣòwò aṣọ ni. Nítorí náà, tí mo bá ní kí ẹ wo ohun tó wà lọ́wọ́ obìnrin, ìbéèrè ilé wa ni mo ń bi yín.

Celie méjì: ti 1985 àti ti 2023

The Color Purple ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Inú ìwé Alice Walker tó jáde ní 1982, tó gba ẹ̀bùn Pulitzer ní 1983, ni wọ́n ti mú un. Fíìmù méjì ló wà. Steven Spielberg ló darí ti 1985, Whoopi Goldberg ló sì ṣe Celie. Blitz Bazawule, ọmọ Gánà, ló darí ti 2023, tí olórin Fantasia Barrino ṣe Celie. Ìtàn kan náà ni. Ọmọbìnrin kan ń bẹ ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá. Ọkùnrin tó ń pè ní bàbá fipá bá a lò, ó gba ọmọ méjèèjì tó bí kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fà á fún ọkùnrin kan pé kó máa mú un lọ. Mister ni Celie ń pe ọkọ náà. Ó ń lù ú, ó ń lò ó bí ẹrú, gbogbo lẹ́tà tí Nettie àbúrò rẹ̀ ń kọ sí i ni ọkọ yìí sì ń kó pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Tí ẹ bá ń wo ti 1985, ẹ máa wo ọwọ́ Celie. Tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ọwọ́ ló fi ń bo ẹnu, nítorí wọ́n ti sọ fún un títí tó fi gbà pé òun kò lẹ́wà. Shug Avery, olórin tí Mister ń fẹ́ lójú Celie, ló mú un dúró níwájú dígí tó sì fa ọwọ́ náà kúrò lẹ́nu rẹ̀. Celie rẹ́rìn-ín, ọwọ́ tún fẹ́ gòkè, Shug tún fà á wálẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nínú ilé nígbà tó bá kan ibẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo fíìmù náà wà. Lẹ́yìn ìgbà tó rí àwọn lẹ́tà, ó ń fá irùngbọ̀n fún Mister. Ọkùnrin náà na ọrùn, ó ń pàṣẹ. Abẹ ń bẹ lọ́wọ́ obìnrin tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu. Shug wà lọ́nà jíjìn, ara rẹ̀ sọ fún un, ó sáré dé ó di ọwọ́ náà mú. Nígbà tó wá dórí tábìlì oúnjẹ, tí Celie dìde níwájú gbogbo ẹbí tó sì sọ fún Mister pé òun ń lọ, ẹ ó ti mọ̀ pé ọwọ́ kan náà ni: èyí tó bo ẹnu, èyí tó mú abẹ, èyí tó wá nà sí ọkọ lójú láti fi í gégùn-ún. Ọwọ́ yìí náà ló padà ń rán ṣòkòtò tà. Ilé tirẹ̀ àti ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìparí.

Ohun kan ń dùn mí nínú rẹ̀. Áfíríkà tí Nettie ti ń kọ lẹ́tà jẹ́ ibi tí kò sí lórí ilẹ̀. Orúkọ àròsọ ni Olinka, ẹ̀yà tó lọ bá. Spielberg mú ibi tí wọ́n ti ń kọ ilà fáwọn ọmọ, ó fi sáàárín ibi tí Celie ti ń fá irùngbọ̀n, kí ẹ̀rù lè bà wá. Fún àwa tí àwọn bàbá àti ìyá wa àgbà kọlà, tí a mọ̀ pé ilà nítumọ̀ tirẹ̀, lílò tí wọ́n lò ó bẹ́ẹ̀ kò gbádùn mọ́ni. Kò ba fíìmù náà jẹ́ fún mi, ṣùgbọ́n tí ọmọ bá béèrè, ẹ ṣàlàyé fún un.

Orin pọ̀ nínú ti 2023. Ohun tí Celie ń rò nínú lọ́hùn-ún, orin ló fi ń jáde, èyí sì dára fún ẹgbẹ́ tó fẹ́ràn orin, tí kò lè jókòó fún ìdákẹ́jẹ́ pípẹ́. Danielle Brooks tó ṣe Sofia, ìyàwó ọmọ Mister, níbẹ̀ gbóná débi pé wọ́n dárúkọ rẹ̀ fún Oscar. Ti 1985 gan-an, ìdárúkọ mọ́kànlá ló ní fún Oscar láìgba ẹyọ kan. Ibi tí mo ti ya fíìmù méjèèjì sọ́tọ̀ ni ọ̀rọ̀ Mister ní ìparí. Ti 2023 mú un wá sídìí tábìlì, wọ́n dárí jì í, gbogbo wọn jọ kọrin. Ti 1985 jẹ́ kó dúró lókèèrè nínú pápá, kó máa wo ayọ̀ tí òun náà lọ́wọ́ nínú bó ṣe wáyé, láìsí ẹni tó pè é kó súnmọ́. Èmi fara mọ́ ti 1985. Ọkùnrin tó lu obìnrin fún ọ̀pọ̀ ọdún lè yí padà, kó ṣe rere, síbẹ̀ kò di dandan kí obìnrin náà bù fún un nínú ayọ̀ rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ràn ìdáríjì ju èmi lọ yóò mú ti 2023, n kò ní bá wọn jà.

Ẹ ya wákàtí méjì àbọ̀ sọ́tọ̀ fún ti 1985, ó tilẹ̀ lé díẹ̀. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, kì í ṣe fún ọmọ kékeré.

Fún ọmọbìnrin tó ṣì wà nílé ìwé: Hidden Figures tàbí Queen of Katwe

Ọdún kan náà, 2016, ni méjèèjì jáde, kò sì sí ìhòhò tàbí ọ̀rọ̀ rírùn tí ẹ máa torí rẹ̀ gbá rìmóòtù mú.

Hidden Figures dá lórí àwọn obìnrin mẹ́ta tó gbé ayé lóòótọ́: Katherine Johnson, Dorothy Vaughan àti Mary Jackson, àwọn onímọ̀ ìṣirò ní NASA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rán èèyàn lọ sí òfúrufú, ní Virginia, nígbà tí Amẹ́ríkà ń múra láti rán John Glenn lọ yí ayé po ní 1962. Ẹni tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wò dáadáa ni Dorothy, tí Octavia Spencer ṣe. Ó rí i pé kọ̀ǹpútà ńlá tí wọ́n ń gbé wọlé yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó wá ìwé Fortran, èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ó kọ́ ọ fúnra rẹ̀, ó sì kọ́ gbogbo wọn. Nígbà tí wọ́n pè é síbi iṣẹ́ tuntun, kò dá lọ.

Ẹ sọ òtítọ́ fún àwọn ọmọ nípa ohun tí fíìmù náà fi kún un. Dorothy kò sí nídìí bíbẹ̀bẹ̀ ipò ọ̀gá ní 1961. Láti 1949 ló ti ń ṣolórí àwọn obìnrin yẹn. Katherine náà kò sáré kiri wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú. Èyí tó wà nítòsí ló ń lò, kò sì dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ọ̀gá òyìnbó tó fi irin wó pátákó ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lulẹ̀, àròsọ ni. Inú mi kò dùn sí èyí. Obìnrin náà ti gba ara rẹ̀ sílẹ̀ kí fíìmù tó wá òyìnbó tó máa gbà á.

Queen of Katwe, tí Mira Nair darí, súnmọ́ wa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Phiona Mutesi, ọmọ àdúgbò tálákà kan ní Kampala ní Ùgáńdà, ń ta àgbàdo kiri, títí ó fi bá eré chess pàdé. David Oyelowo, ọmọ Yorùbá, ló ṣe olùkọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀, tí Lupita Nyong'o ṣe, ni ọkàn fíìmù náà. Opó ni, kò kàwé, ẹ̀rù sì ń bà á pé ayé tí ọmọ rẹ̀ ń rí níbi ìdíje yóò jẹ́ kí ilé sú u. Kò sì purọ́. Phiona padà dé láti ìdíje, kò fẹ́ gbé garawa omi mọ́. Èmi ò mọ ìyá tó rán ọmọ lọ sílé ìwé ní ìlú ńlá tí kò mọ ojú yẹn. Tó bá jẹ́ pé ọmọ nìkan ló fẹ́ wò ó, Hidden Figures yóò tọ́ ọ sọ́nà pé ìṣirò kì í ṣe tọkùnrin. Tí ìyá àti ọmọ bá jọ máa jókòó, tí ọ̀rọ̀ kan sì wà láàárín wọn tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ, Queen of Katwe ni kí ẹ fi sí i.

Ọkọ lé e jáde: Diary of a Mad Black Woman àti Waiting to Exhale

Mo mọ̀ pé Diary of a Mad Black Woman, 2005, ni àwọn ẹgbẹ́ ìyá ṣọ́ọ̀ṣì máa béèrè. Tyler Perry ló kọ ọ́, Kimberly Elise ṣe Helen, obìnrin tí ọkọ olówó lé jáde lẹ́yìn ọdún méjìdínlógún tó sì kó obìnrin mìíràn wọlé. Ibi tó lágbára jù ni ìgbà tí ọkọ náà kò lè gbé apá gbé ẹsẹ̀ mọ́, tí Helen padà wá tọ́jú rẹ̀, tó sì kọ́kọ́ fi ìyà jẹ ẹ́. Ibẹ̀ kò rọrùn láti wò, ó sì dára pé kò rọrùn. Ìdáríjì tó tẹ̀lé e ní ìwúwo. Ṣùgbọ́n ẹ bi mí ní ohun tó wà lọ́wọ́ Helen ní ìparí. Orlando ni. Ọkùnrin rere ni o, mo gbà, síbẹ̀ a kò mọ iṣẹ́ tí Helen fẹ́ fi ìyókù ayé rẹ̀ ṣe.

Waiting to Exhale ti 1995 kò gbọ́n jù ú lọ lórí ọ̀rọ̀ ọkùnrin. Ohun tó fi dára jù lójú mi ni pé obìnrin mẹ́rin ló jókòó ti ara wọn: Whitney Houston, Angela Bassett, Loretta Devine àti Lela Rochon. Ọkọ Bernadine, tí Angela Bassett ṣe, sọ fún un pé òun ń kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ó kó gbogbo aṣọ ọkùnrin náà sínú mọ́tò, ó sì ṣáná sí i. Gbogbo èèyàn ló máa rántí iná yẹn. Èmi ní kí ẹ rántí ohun tó tẹ̀ lé e: ó lọ sí kóòtù, ó sì gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ nínú òwò tí òun àti ọkọ jọ fi ọwọ́ ara wọn kọ́. Obìnrin tó bá ń bá ọkọ ta ọjà ní Ìta-Ọ̀ṣù tàbí Òkè-Àjẹ láìsí orúkọ tirẹ̀ lórí ìwé kankan ní ẹ̀kọ́ láti kọ́ níbẹ̀. Ìbálòpọ̀ wà nínú rẹ̀, àwọn àgbà nìkan ni kẹ́ ẹ pè.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ wa

Nínú gbogbo fíìmù Nàìjíríà, Lionheart ni mo máa ń mú fún àwọn oníṣòwò. Genevieve Nnaji ló darí rẹ̀ ní 2018, òun náà ló ṣe Adaeze, ọmọ oníléeṣẹ́ ọkọ̀ ní Enugu. Àìsàn ọkàn kọ lu bàbá rẹ̀ (Pete Edochie). Dípò kó gbé ilé iṣẹ́ lé ọmọ tó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin (Nkem Owoh) ló pè. Ẹ wo ojú Adaeze nígbà tó gbọ́. Ó gbé e mì. Ó bá bàbá kékeré náà ṣiṣẹ́, ó wá rí i pé ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ gba ilé iṣẹ́ náà là. Ní ìparí, òun ni bàbá fi lé lórí. Kò sí ẹni tó lù ú, kò sí ẹni tó fipá bá a lò, síbẹ̀ ìyà wà níbẹ̀, irú ìyà kékeré tí wọ́n ń pè ní àṣà ilé. Àwọn ẹbí oníṣòwò pọ̀ ní Ìjẹ̀bú, ọmọbìnrin tó ń jí lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù sì pọ̀ nínú wọn, tí gbogbo ilé sì ti mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní Èkó ló máa jogún rẹ̀. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 35 péré ni, epo jẹnẹrétọ̀ kékeré á gbé e dópin. Ìgbìmọ̀ Oscar yọ ọ́ kúrò nínú ìdíje fíìmù ilẹ̀ òkèèrè ní 2019 nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ pọ̀ jù, ìyẹn kò sì dín in kù.

Fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, Citation tí Kunle Afolayan ṣe ní 2020 ló yẹ. Temi Otedola ṣe Moremi, akẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀jọ̀gbọ́n tí gbogbo ayé ń yìn fẹ́ fipá bá lò, tó sì gbé ẹjọ́ náà dé iwájú ìgbìmọ̀. Ó gùn, ó sì ń falẹ̀ níbòmíràn. Ohun tó ṣe dáadáa ni pé ó fi bí ọ̀jọ̀gbọ́n náà ṣe ń ṣoore díẹ̀díẹ̀ hàn, títí oore fi di okùn. Kí ọmọbìnrin rí èyí kó tó wọ ọdún kìn-ín-ní sàn ju kó rí i lẹ́yìn náà lọ.

King of Boys ti Kemi Adetiba, 2018, gbayì, Sola Sobowale sì fi Eniola Salami ṣe ohun tí a kò ní gbàgbé. Agbára pọ̀ nínú rẹ̀. Mímọ ara ẹni ni n kò rí níbẹ̀ tó, nítorí náà n kò kà á mọ́ àwọn tí mò ń yàn.

Ìyá Fúnmiláyọ̀ àti àwọn jagunjagun Dahomey

Funmilayo Ransome-Kuti, fíìmù Bolanle Austen-Peters, dé sinimá ní 2024. Kehinde Bankole ló ṣe é, Joke Silva ṣe ìgbà àgbà rẹ̀. Ó dá lórí owó orí tí wọ́n ń fipá gbà lọ́wọ́ àwọn obìnrin ọjà Abẹ́òkúta, àti bí àwọn obìnrin náà ṣe dúró títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949. Ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbá ni, ṣùgbọ́n ó kan Ìjẹ̀bú-Òde. Alùfáà Israel Ransome-Kuti ni ọ̀gá àgbà Ijebu-Ode Grammar School títí di 1932. Ọdún 1925 ló fẹ́ Fúnmiláyọ̀. Ìlú wa ló ti kọ́kọ́ ṣe ìyàwó.

The Woman King, 2022, tí Gina Prince-Bythewood darí, fani mọ́ra jù ú lọ lójú. Viola Davis ni Nanisca, olórí àwọn obìnrin jagunjagun Dahomey. Ọmọbìnrin kan, Nawi, kọ̀ láti fẹ́ àgbà ọkùnrin tó ń na obìnrin, bàbá rẹ̀ sì lọ fi í ta ọba lọ́rẹ. Bí àwọn obìnrin náà ṣe kọ́ ọ, tí ọgbẹ́ àtijọ́ inú Nanisca sì wá ṣí, wọ́n ṣe é dáadáa. Àmọ́ àwa Yorùbá la di ọ̀tá nínú rẹ̀: Ọ̀yọ́ ni amúnisìn. Òtítọ́ ni pé Dahomey ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́ títí di 1823. Ohun tí fíìmù náà kò jẹ́ ká rí ni pé Ọba Ghezo kò jáwọ́ nínú òwò ẹrú lẹ́yìn náà, àti pé àwọn obìnrin ológun kan náà bá a ja Abẹ́òkúta ní 1851, wọ́n sì tún padà wá ní 1864 lábẹ́ Glele, ọba tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n lé wọn padà. Obìnrin tó gba òmìnira nípa mímú obìnrin mìíràn lẹ́rú, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ pé ìyẹn wà nínú ìtàn náà.

Tó bá jẹ́ ọ̀kan, ti Ìyá Fúnmiláyọ̀ ni mo máa mú. Ẹgbẹ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹgbẹ́ tí ìyá aláta àti ìyá tó kàwé jọ wà nínú rẹ̀.

Èyí tí kò yẹ kí ẹ fi sí i láìkọ́kọ́ wò ó

Precious, 2009, dá lórí ọmọbìnrin kan ní Harlem ní 1987 tí bàbá rẹ̀ fún lóyún lẹ́ẹ̀mejì, tí ìyá rẹ̀ sì ń fìyà jẹ. Mo'Nique tó ṣe ìyá náà gba Oscar, ó sì tọ́ sí i. Àwọn kan yóò jáde síta kó tó parí, ẹ má dá wọn dúró. Ìwé kíkà ló wà lọ́wọ́ Precious ní ìparí, pẹ̀lú ọmọ méjèèjì.

Moolaadé, tí Ousmane Sembène ṣe ní 2004, ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí mo dárúkọ. Ọmọ kékeré mẹ́rin sá kúrò níbi tí wọ́n ti fẹ́ dá abẹ́ fún wọn, wọ́n sì sá tọ Collé, ìyàwó kejì nínú ilé kan. Ó ta okùn aláràbarà kan kọjá lẹ́nu ọ̀nà. Okùn náà kò ga ju orúnkún lọ. Nípa ìlànà àwọn bàbá wọn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ré e kọjá láti mú ẹni tó wà lábẹ́ ààbò, títí Collé yóò fi sọ ọ̀rọ̀ tó ń tú u. Àwọn àgbà ìlú fi ọkọ rẹ̀ sábẹ́ ìyọnu. Ó nà án ní pàṣán níta gbangba kó lè sọ ọ̀rọ̀ náà. Àwọn obìnrin kan ń kígbe pé kó sọ ọ́, àwọn mìíràn ń kígbe pé kó má sọ ọ́. Kò sọ ọ́. Wọ́n sì kó gbogbo rédíò àwọn obìnrin jọ, wọ́n dáná sun ún, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ohun tí ayé ń sọ.

Èdè Bambara ni wọ́n ń sọ, ìtumọ̀ rẹ̀ á máa kọjá nísàlẹ̀. Kí ẹnìkan tó ń kàwé yára jókòó ti àwọn ìyá àgbà, kó máa sọ ọ́ fún wọn ní Yorùbá. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2015 ka abẹ́ dídá fún ọmọbìnrin léèwọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó máa jókòó sí yàrá yẹn ni wọ́n ti dá a fún kí òfin náà tó dé, àwọn mìíràn sì gbé ọmọ tiwọn lọ síbẹ̀ fúnra wọn. Ẹ má ṣe fi í sí i níbi àpèjẹ. Ẹ ti ọkùnrin síta lákọ̀ọ́kọ́, kí àwọn obìnrin lè sọ̀rọ̀ tó bá tán. Tí ìyá àgbà kan bá dìde pé òun fẹ́ lọ, kí ọmọ rẹ̀ bá a lọ, kó má dá wà.